Ta Ni Mo Gún Nínú Àwọn Ìbejì Inísà?

Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì báyìí, àmọ́ bí ẹnikẹ́ni bá bi mí nípa ọjọ́ tí orí mi dàrú jù, mi ò ní ronú rárá. Ọjọ́ tí mo gún obìnrin kan lábẹ́rẹ́ ní Ìkìrun ni, tí mo lọ fọwọ́, tí mo padà dé, tí mo bá obìnrin náà méjì lórí bẹ́ǹṣì.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú ni mo ń gún nílé ìwòsàn wa. Láti Òkúkù ni mo ti ń lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹni tó bá fẹ́ lọ síbi tí àìsàn yẹn wà gbọ́dọ̀ gbà á, a ó sì fún un ní yẹ́lò káàdì tó máa fi hàn ní pápákọ̀ òfurufú. Ẹyin adìẹ ni wọ́n fi ń ṣe abẹ́rẹ́ náà, nítorí náà ẹni tí ara rẹ̀ bá kọ ẹyin, a kì í ṣàdédé gún un, ó lè pa á. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń wádìí ènìyàn bí ọlọ́pàá kí n tó ṣí kúlà tí abẹ́rẹ́ wà nínú rẹ̀.

Táyé, ará Inísà, ló fẹ́ rìnrìn àjò. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Kẹ́ńyà, ó sì ní kó wá káwọn jọ lọ wo kìnnìún àti erin nínú igbó. Obìnrin tó jókòó níwájú mi pe ara rẹ̀ ní Táyé, ó sì dáhùn gbogbo ìbéèrè láì kọsẹ̀.

"Ṣé o máa ń jẹ ẹyin?"

"Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, mà. Àgàgà èyí tí wọ́n bá dín."

"Kò ṣe ẹ́ ní nǹkan kan rí?"

"Rárá o."

Mo gún un. Mo ní kó jókòó kí n lè máa wò ó fún ìgbà díẹ̀, mo sì ń kìlọ̀ fún un: kó mú oògùn ibà dání, kó máa wọ aṣọ alápá gígùn nírọ̀lẹ́, kó máa sùn sábẹ́ nẹ́ẹ̀tì, kó má mu omi tí kò dá a lójú. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Màmá, ẹ̀fọn Inísà ń jẹ mí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi. Kí ni ti Kẹ́ńyà fẹ́ fi mí ṣe?"

Ìgbà tí mo fọwọ́ tán ni wọ́n di méjì. Ojú kan náà, irun kan náà, bùbá kan náà. Mo bọ́ awò ojú mi, mo nù ún, mo tún gbé e wọ̀. Wọ́n ṣì jẹ́ méjì. Ọ̀kan ń fi òwú tẹ apá. Òun ni mo gún, ìyẹn yé mi. Orúkọ rẹ̀ ni kò yé mi mọ́.

"Ta ni Táyé nínú yín?"

Ẹni tó ní òwú nawọ́ sí èkejì. Èkejì náà nawọ́ sí i.

"Ẹ gbà mí o! Ṣé ẹ fẹ́ kí n ya wèrè lọ́jọ́ ogbó mi ni?"

Ẹnu mi ò tíì kúrò níbẹ̀ tí ẹni tó ní òwú fi bẹ̀rẹ̀ sí í họ ọrùn. Ètè rẹ̀ ń wú bọ̀. Èkejì figbe ta.

"Kẹ́hìndé ni, mà! Kì í jẹ ẹyin! Láti kékeré ni kì í jẹ ẹyin!"

"Ṣebí òun ló sọ fún mi pé òun fẹ́ràn ẹyin díndín?"

Kẹ́hìndé fi ètè wíwú dá mi lóhùn: "Táyé ló ni abẹ́rẹ́, mà. Ohun tí Táyé ń jẹ ni mo sọ."

Mo fa abẹ́rẹ́ pàjáwìrì, mo gún un nítan, mo pariwo pe dókítà. Èémí Kẹ́hìndé ń dún fíì-fíì. Táyé ti wà lórí ìkúnlẹ̀: "Kẹ́hìndé, má fi mí sílẹ̀ o! Mi ò wo kìnnìún mọ́!" Ẹ̀rù bà mí débi pé mo gbàgbé pé inú ń bí mi.

Ọlọ́run ṣeun, oògùn náà ṣiṣẹ́. Mímí rẹ̀ já geere, èmi àti dókítà tó ti sáré dé tẹ́ ẹ sórí ibùsùn.

Ìgbà náà ni Táyé ṣàlàyé. Ẹ̀rù abẹ́rẹ́ máa ń bà á. Nílé wọn, bí ara ọ̀kan ò bá yá, àwọn méjèèjì ni ìyá wọn ń fún lágbo. Bí Táyé bá ti ń sunkún, Kẹ́hìndé á gbé ife méjèèjì mu, ìyá wọn á sì ní ó ti tán, ó ti dé ara àwọn méjèèjì. Wọ́n gbà pé bẹ́ẹ̀ náà ni abẹ́rẹ́ rí. Mo dúró bí ẹni tó ṣìnà. Òótọ́ ni gbogbo ohun tí Kẹ́hìndé sọ fún mi, àmọ́ kì í ṣe nípa ara tí mo gún. Mi ò mọ̀ bóyá kí n lù wọ́n ni àbí kí n sunkún.

Kẹ́hìndé lajú. "Táyé, mo ti gbà á. Máa lọ bá ọkọ ẹ."

Táyé dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Ó jókòó sórí àga, ó ká apá bùbá rẹ̀ sókè.

"Ẹ gún mi, mà."

"Ẹ̀rù ò bà ẹ́ mọ́?"

"Ó ń bà mí."

Mo bi í ní gbogbo ìbéèrè lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ní kó fi ẹnu ara rẹ̀ dáhùn fún ara rẹ̀. Dókítà náà fọwọ́ sí i. Mo gún un. Táyé dijú, kò fọhùn rárá. Lórí ibùsùn lọ́hùn-ún, Kẹ́hìndé ké "Yéè!", ó sì di apá ara rẹ̀ mú.