Sùtánà Alàgbà Ṣówándé

Ẹ súnmọ́ mi, kí n ròyìn ohun tójú mi rí ní Atikori, n'Íjẹ̀bú-Igbó, láyé ìjọba Western Region. Ẹni tó bá ń retí ìtàn onísùúrù, kó tètè máa lọ!

Ẹsẹ̀ mi méjèèjì ti rọ láti kékeré. Ọwọ́ ni mo fi ń rìn: n óò ki ọwọ́ bọ pátákó méjì tí mo kan rọ́bà táyà mọ́ nídìí, n óò sì máa wọ́ ara mi lọ. Mo parí Modern School, mo kọ́ṣẹ́ télọ̀, èmi ni mo sì ń rán sùtánà fún ìjọ wa. Èmi àti Ọlọ́run ò níjà rárá.

Alàgbà Ṣówándé, tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ni mo bá níjà.

Ẹ mọ̀ pé àwa aláṣọ funfun kì í wọ bàtà wọlé Ọlọ́run. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, Alàgbà ní kí n bọ́ pátákó mi ní géètì, pé bàtà ni. Mo ní, "Bàbá, ẹsẹ̀ mi rè é." Ó ní ohunkóhun tí èèyàn bá fi ń tẹlẹ̀, bàtà ni! Mo bọ́ ọ. Mo fi ọwọ́ lásán wọ́ kọjá òkúta wẹ́wẹ́ inú ọgbà, àtẹ́lẹwọ́ mi bó. Mo dẹ́nu ọ̀nà tán, ó tún ní ẹ̀jẹ̀ ò gbọdọ̀ wọ ilé Ọlọ́run.

Ṣé ẹ gbọ́ nǹkan?

Látọjọ́ náà, abẹ́ fèrèsé, nínú oòrùn, ni mo ti ń jọ́sìn. Mò ń gbọ́ ìwàásù bí ẹni ń gbọ́ asọ̀rọ̀mágbèsì. Mò ń kọrin o, mò ń ṣàmín o. Ṣùgbọ́n àwọn Sáàmù tí wọ́n fi ń bá ọ̀tá jà, mo kà wọ́n títí ewé Bíbélì mi fi gbó!

Nígbà tí ìkórè kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, ta ló gbé aṣọ wá? Alàgbà! Ó fẹ́ sùtánà tó há mọ́ òun lẹ́sẹ̀, kí ìdúró òun lè yàtọ̀. Ó tún gbá mi léjìká, ó ń rẹ́rìn-ín: "Àbí télọ̀, ìwọ ò kúkú mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìdúró!"

Télọ̀ tó bá rán irú ẹ̀ máa ń là á lẹ́yìn, kí ẹsẹ̀ lè ráyè. Ṣé mo gbàgbé ni? Rárá o! Mo rán an pa.

Lọ́jọ́ ìkórè, Alàgbà ló ṣíwájú ìjọ, ó ń rìn ṣẹ́ṣẹ́ṣẹ́ bí ìyàwó tuntun. Ó fẹ́ yan, ẹsẹ̀ kọ̀. Gbìì! Sórí òkúta. Orúnkún bó, àtẹ́lẹwọ́ bó. Wọ́n gbé e dìde, ó ní òun ń wọlé. Ni mo bá figbe ta lábẹ́ fèrèsé: "Wòlíì, ẹ̀jẹ̀ ń bọ̀ o! Ẹ̀jẹ̀ ò gbọdọ̀ wọ ilé Ọlọ́run!"

Wòlíì, olórí ìjọ wa, wò ó, ó wò mí. Ó ní òfin ni òfin.

Bí wọ́n ṣe gbé Alàgbà wá bá mi nìyẹn! Mo sún fún un. "Bàbá, ẹ káàbọ̀. Ẹ jókòó jàre, ìdúró ò wúlò níbí."

Nígbà tó yá, ó rọra bi mí bóyá bí oòrùn ibẹ̀ ṣe máa ń mú nìyẹn. Mò ń bá orin mi lọ.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kejì, òun fúnra rẹ̀ ló bomi fọ pátákó mi ní géètì, ó ní kí n wọlé. Ìlà iwájú ni mo jókòó sí!

Wọ́n ní kí n dárí jì í. Mo ti dárí jì í. Ó gbé sùtánà náà padà wá pé kí n là á lẹ́yìn. Sùtánà ọ̀hún ṣì wà nílé mi títí dòní, mi ò tíì là á.

Ẹ̀kọ́ mi ò pọ̀: ẹni tó bá ń fi òfin Ọlọ́run ti èèyàn síta, kó rántí pé òun náà ní ẹ̀jẹ̀ lára. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti tì yín síta rí, báwo lẹ sì ṣe san án? Ẹ sọ tiyín, kí n má baà dá ṣìkà!