Jọọlá Tó Tilẹ̀kùn Mọ́ Ọkọ Rẹ̀ Sóde

Ẹni tó bá fẹ́ rí ìjà èmi Moríkẹ́, kó sọ̀rọ̀ Jọọlá láìdáa lójú mi. Ọ̀rẹ́ mi ni. Ẹ̀yìnkùlé kan náà la ti jọ ń yan ẹja ní Ugbonla, ìlú wa lórí omi, èéfín kan náà ló ń ta wá lójú. Bí mo bá ń sunkún, gbogbo ayé á ní èéfín ni, òun nìkan ló máa ń mọ̀ pé irọ́ ni. Àwọn kan ṣì ń sọ ọ́ káàkiri pé obìnrin tó ti ọkọ rẹ̀ mọ́ta nígbà tí ìbọn ń dún lójú omi nìyẹn. Wọn ò parọ́ o. Ó tì í mọ́ta lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń sọ, àbọ̀ ọ̀rọ̀ ló sì máa ń bí mi nínú jù.

Jọọlá kì í ṣe ènìyàn ńlá kan. Ó parí ìwé girama, ó fẹ́ Adégbóyè tó ń fi ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì gbé èrò láàárín Ugbonla àti Awoye, ó sì ń gbé pẹ̀lú ọkọ àti ìyá ọkọ rẹ̀ tó ń jẹ́ Kòfowórọlá, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Kòfowórọlá. Ohun tí àdúgbò fi mọ̀ ọ́n ni èbúté ilé wọn. Kò sí ọkọ̀ tí wọ́n máa so mọ́ òpó ibẹ̀ tí Jọọlá ò ní béèrè ẹni tó ni ín. Àwa a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́, a ní bí ẹja bá fò sórí pákó ilé rẹ̀, á kọ́kọ́ béèrè ilé tí ẹja náà ti wá.

Àṣà kan wà ní àgbègbè tiwa níbẹ̀. Bí ìkùukùu bá bo omi ní àkókò ọyẹ́, tí a gbọ́ ìró àjẹ̀ tí a ò rí ọkọ̀, ẹni tó wà nílé á ké pé, “Ta nìyẹn?” Ẹni tó wà lójú omi ò gbọdọ̀ dáhùn pé “Èmi ni.” Èèwọ̀ ni. Èmi wo? Olè náà, èmi ni ó ń jẹ́. Orúkọ rẹ ni wàá dá, wàá dárúkọ ìyá tó bí ọ, wàá sì sọ ohun tó wà nínú ọkọ̀ rẹ. Lẹ́yìn ìyẹn ni onílé á tó sọ pé, “Gúnlẹ̀.” Bí a ṣe ń kọ́ ọmọ wa ní lílúwẹ̀ẹ́ ni a ṣe ń kọ́ ọ ní èyí.

Nígbà tó yá, Tíṣà Mùíz dé. Ará Ọ̀yọ́ ni, ìjọba ló gbé e wá kọ́ àwọn ọmọ wa, ó sì máa ń di etí ọkọ̀ mú tọwọ́ tẹsẹ̀ bí ó bá ń lọ sí Ode Ugbo. Ẹ̀rù omi ń bà á, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn wa. Òun ló ṣí ìkànnì kan fún wa lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, irú èyí tí wọ́n ń pè ní wíkì. Ẹni tó bá wù á kà á, ẹni tó bá wù á kọ tirẹ̀ sí i, ẹni tí ohun tí ẹlòmíràn kọ bá sì bí nínú, á pa á rẹ́. Àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. A kọ orúkọ ẹja, a kọ ìtàn ìdílé, a kọ bí a ṣe ń se púpurú, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ wa.

Kò pẹ́ tí ìjà fi bẹ̀rẹ̀. Ọlálẹ́yẹ kàn kọ ọ́ síbẹ̀ pé bàbá òun ló kọ́kọ́ ní ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì ní Ugbonla. Fágbèmí pa á rẹ́, ó kọ bàbá tirẹ̀. Ọlálẹ́yẹ dá a padà. Báyìí ni àwọn àgbà méjì yìí ń pa bàbá ara wọn rẹ́ láàárọ̀ lálẹ́. Ó sú Tíṣà, ó ní ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà tí yóò máa pinnu ẹni tó lè wo ojú-ewé kan àti ẹni tó lè fọwọ́ kàn án. Gbogbo wa ké lẹ́ẹ̀kan náà pé, “Jọọlá!” Ta ni ì bá tún jẹ́?

Ó mọ̀ ọ́n ṣe kíá. Ó pín gbogbo ojú-ewé náà bí ilé. Èyí tí gbogbo ayé lè kà tí wọ́n sì lè kọ nǹkan sí, ó pè é ní Èbúté. Èyí tí gbogbo ayé lè kà ṣùgbọ́n tí àwọn tí ó yàn nìkan lè tún ṣe, ó pè é ní Ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ibẹ̀ ló kó bàbá Ọlálẹ́yẹ àti bàbá Fágbèmí sí, kò sì jẹ́ kí ọmọ èyíkéyìí nínú wọn fọwọ́ kàn án mọ́. Èyí tí àwọn tí ó bá gbà wọlé nìkan lè rí rárá ni Yàrá. Kò sí nǹkan kan nínú Yàrá nígbà náà. Mo bi í pé kí ló fẹ́ fi í ṣe, ó ní ilé tí kò ní yàrá, ṣé ilé ni?

Ọdún yẹn ni àwọn oníbọn gba ojú omi. Ìjà lórí ta ló ni ibi tí epo wà ni wọ́n ní ó fà á, èmi ò sì ní tú u wò, nítorí kò sí ẹni tó bi apẹja léèrè kó tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń fi ọkọ̀ ayára sọ́dá, wọ́n ń gba ẹ́ńjìnnì, wọ́n ń dáná sun ilé. A kó àwọn ọmọ sínú ọkọ̀, a sá wọ inú igbó ẹ̀gbà, igi tó ń hù nínú omi iyọ̀, a fi pákó àti imọ̀ ọ̀pẹ ṣe àgọ́. Ẹ má bi mí ní orúkọ ibẹ̀. Jọọlá ò tíì ní kí n sọ ọ́.

Àwọn ọkùnrin wa kan ṣì wà lójú òkun, àwọn mìíràn ń gbé àwọn tó ń sá. Kí wọ́n lè rí wa ni ẹnì kan fi lọ kọ ibi tí a wà sórí Èbúté, tayé tọ̀run ń kà á. Háà! Jọọlá rí i, ó figbe ta, ó kó o sínú Yàrá, ó sì gba ẹnì kan wọlé nínú ìdílé kọ̀ọ̀kan. Adégbóyè wà lára wọn.

Ohun tí ó kó wa sí wàhálà nìyí. Ní ọ̀dọ̀ wa, àjẹ̀ kò ní ẹni tó ni ín. Ẹni tó bá bá a nínú ọkọ̀ ló ń fi í wakọ̀. Ojú kan náà ni a fi ń wo fóònù. Fóònù Adégbóyè, inú ọkọ̀ ló máa ń wà, ní ṣíṣí sílẹ̀ gbayawu, kí èrò tó bá fẹ́ wo ibi tí ará ilé rẹ̀ wà lè wò ó. Jọọlá bá a wí títí, ó ní, “Adé, bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀.” Adégbóyè fi í rẹ́rìn-ín.

Bẹ́ẹ̀ ni Báyọ̀, ọ̀rẹ́ Adégbóyè tí òun náà ń wakọ̀, wá bá wa ní àgọ́. Ó ní àwọn oníbọn ti gba ọkọ̀ Adégbóyè. Ó rí i tí wọ́n ń fa ọkọ̀ náà lọ. Adégbóyè bẹ́ sómi, òun ò sì rí ibi tó ti yọrí.

Jọọlá ò sunkún. Ó kàn bi í pé, “Fóònù rẹ̀ ńkọ́?”

“Inú ọkọ̀ ló wà.”

Ó mú fóònù tirẹ̀, ó rìn lọ sí ìpẹ̀kun pákó, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti máa ń yọjú díẹ̀, ó sì yọ orúkọ ọkọ rẹ̀ kúrò nínú àwọn tó lè wo Yàrá. Ojú mi báyìí ló ṣe é.

Ìyá Kòfowórọlá ló ké. “O ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ mi! Bí ó bá yè, báwo ni yóò ṣe rí wa? Jọọlá, kí lọmọ mi ṣe ọ́?”

Inú bí mi, mo dìde. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ wo àwọn ọmọ wọ̀nyí. Ṣé ẹ fẹ́ kí oníbọn fi fóònù rẹ̀ wá wọn débí ni?” Jọọlá ní kí n jókòó. Ó ní ìyá ò jẹ̀bi, ohun tí òun Jọọlá náà ń rò nínú ni ìyá ń sọ. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ó ń kú lọ lórí ìdúró.

Ní ọjọ́ kejì, ọ̀rọ̀ jáde lórí Èbúté. Orúkọ Adégbóyè ló wà lókè rẹ̀: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí Yàrá fún mi, mi ò rí yín.”

Yéè! Ìyá Kòfowórọlá bẹ̀rẹ̀ sí í jó. “Ọmọ mi yè! Ọmọ mi yè!” Gbogbo àgọ́ sáré wá. Jọọlá wo fóònù náà títí. Ó kọ ọ̀rọ̀ méjì péré: “Ta nìyẹn?”

A dúró. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ, ó bọ̀. Ìdáhùn dé: “Èmi ni. Ọkọ rẹ. Tètè ṣí i.”

Ìyá Kòfowórọlá wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì rọra jókòó sórí pákó. Òun fúnra rẹ̀ ló ní, “Kì í ṣe ọmọ mi. Ọmọ mi kò ní dáhùn pé ‘Èmi ni’ láéláé. Tilẹ̀kùn pa.”

Jọọlá yọ orúkọ náà kúrò lórí ìkànnì pátápátá. Lẹ́yìn náà ló wá bú púrú sẹ́kún. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, “Moríkẹ́, bó bá jẹ́ òun ni ńkọ́? Bí ẹ̀rù bá ti mú un gbàgbé?”

Mo ní, “Adégbóyè tó ń dárúkọ ìyá rẹ̀ fún ajá ọjà pàápàá ní Ode Ugbo? Òun ló máa gbàgbé?” Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀ nínú omijé. Ṣùgbọ́n èmi náà ò sùn dáadáa láti ọjọ́ yẹn.

A wà bẹ́ẹ̀. Àwọn oníbọn gba ẹnu odò kọjá, wọn ò yà. A gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì wọn, a fi ọwọ́ bo àwọn ọmọ lẹ́nu, ìró náà sì lọ. Jọọlá ń yan ẹja, ó ń bu oúnjẹ fún ìyá ọkọ rẹ̀, ìyá sì ń jẹ ẹ́.

Ní òwúrọ̀ ọyẹ́ kan, ìkùukùu bo omi débi pé a ò rí òpó àgọ́ wa. A gbọ́ ìró àjẹ̀. Báyọ̀ mú àdá. Jọọlá jáde sórí pákó, aṣọ rẹ̀ kan ṣoṣo lọ́rùn, ó ké pé, “Ta nìyẹn?”

Àjẹ̀ dúró. Ohùn kan tí ó ti há jáde láti inú ìkùukùu: “Adégbóyè, ọmọ Kòfowórọlá. Kò sí nǹkan kan nínú ọkọ̀ mi àfi ebi.”

Ìyá rẹ̀ fẹ́ fò sómi, èmi ni mo dì í mú. Jọọlá ní, “Gúnlẹ̀.” Ó sì jókòó síbi tó dúró sí.

Inú igbó ẹ̀gbà mìíràn ni Adégbóyè fara pamọ́ sí, bàbá arúgbó kan ló yá a ní ọkọ̀ kékeré. Ó ti wa ọkọ̀ kiri gbogbo ibi tí àwọn ará ìyá rẹ̀ ti máa ń sá àwọ̀n nígbà tó wà ní kékeré, ó ń wá wa. Bó ṣe jókòó, tó ń gbé púpurú mì láìjẹ ẹ́ lẹ́nu, ẹnì kan sọ fún un pé ìyàwó rẹ̀ ti yọ ọ́ kúrò. Ó yíjú sí Jọọlá. “O tì mí mọ́ta?”

“Mo tì ọ́ mọ́ta kí o lè bá wa nílé,” Jọọlá ní.

Ó ronú sí i, ó bu òkèlè mìíràn. “Ó dáa. Wá dá mi padà sí Yàrá.”

Kí Jọọlá tó dáhùn ni Ìyá Kòfowórọlá ti gbé ẹja sí i lórí àwo. “Jẹun ná,” ó ní. “Fóònù wo lo fẹ́ fi wò ó?”