Ibi Tí A Ti Rí "Orí-Igi"

"Orí-igi ni o! Di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú!" Báyìí ni mo kígbe mọ́ ọmọbìnrin mi lánàá. Ó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ, ó rí àgbàlagbà kan lọ́nà, ó sì fẹ́ tẹ eékún kí i láìsọ̀kalẹ̀. Kẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í mì lọ́tùn-ún lósì. Nígbà tó sọ̀kalẹ̀ láìfarapa, ó ń rẹ́rìn-ín ni: "Ìyá mi, igi wo lẹ rí?"

Nínú agboolé wa ní Odò-Ọwà, ohunkóhun tó léwu, àmọ́ tí kò tíì di ìjàǹbá, orí-igi là ń pè é. Ìṣojú mi ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ìjọba òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà náà, wọn kò tíì ṣe afárá. Ìtì ọ̀pẹ kan ṣoṣo ló dábùú odò tó wà lọ́nà Ìlọ́fà. Òjò ti rọ̀, odò kún. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ru ìkòkò epo lọ sọ́jà. Èmi àti ìyá wa dúró létí omi kó lè kọjá tán. Bó ti dé àárín igi ni bàbá àfẹ́sọ́nà rẹ̀ yọ lódìkejì.

Wọn kò tíì gbé e níyàwó. Láti kékeré ni ìyá wa sì ti ń sọ fún un pé ọmọ tó bá dúró gbọnran kí àna rẹ̀ kò lẹ́kọ̀ọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀.

Ìtì ọ̀pẹ yí. Ìkòkò bọ́ sódò, epo pọ́n lójú omi. Ẹ̀gbọ́n mi rọ̀ mọ́ igi, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fì nínú omi, síbẹ̀ ó ní: "Ẹ káàárọ̀, bàbá."

Bàbá kó sódò, omi mù ún dé àyà, ó sì fà á wá sọ́dọ̀ wa. Ẹ̀rù ń ba ìyá wa pé wọn kò ní fẹ́ ẹ mọ́.

"Ẹ dákun, bàbá, ó mọ ẹrù rù o!"

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. "Ẹni tó kúnlẹ̀ fún mi lórí igi, ṣé orí ilẹ̀ gbígbẹ ni yóò ti rí mi fín? Ìyàwó wa ni! Ṣùgbọ́n ìwọ ọmọ yìí, bí o bá tún rí mi lórí igi, ojú ni kí o fi kí mi."

Láti ọjọ́ náà, bí ẹnìkan bá fi igbà tó ti gbó gun ọ̀pẹ, àwọn tó wà nílẹ̀ á pariwo: "Orí-igi!" Ẹ̀gbọ́n mi gbé ọ̀rọ̀ náà dé ilé ọkọ, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti fi ń yọ ọ́ lẹ́nu jù.

Mo bẹ ẹ̀yin àgbà: bí ẹ bá rí ọmọ lórí kẹ̀kẹ́, tàbí tó ru ẹrù lórí afárá, ẹ má retí ìkúnlẹ̀. Ẹ jẹ́ kó sọ̀kalẹ̀ ná.