Jakúsì Ẹ̀gbọ́n Mi

Òórùn jafẹ́lì tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun ló máa ń kọ́kọ́ pàdé ènìyàn lẹ́nu géètì ilé ẹ̀gbọ́n mi ní àdúgbò Cacaveli, èmi ni mo sì ń dà á sómi. Jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́ òmùgọ̀ mi fún ọ: ogójì ọjọ́ gbáko lẹ́yìn tí a sin ẹ̀gbọ́n mi, mo ṣì ń lọ síbẹ̀ láràárọ̀ láti fọ jakúsì rẹ̀, kí n sì mú omi gbóná dè é.

Ọmọ rẹ̀ tó wà nílẹ̀ Faransé ló rà á fún un nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú. Ọpọ́n ìwẹ̀ ńlá ni, omi inú rẹ̀ a máa hó bí ẹni ń se ẹja láàyè. N kò ti ọmọ ìka ẹsẹ̀ kan bọ̀ ọ́ rí. Ẹ̀gbọ́n mi á ní, “Wọlé, kò ní jẹ ọ́.” Èmi á ní mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ ni. Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ìwé ìlò rẹ̀, ìwé tí mo kà kò sì dé ibẹ̀, nítorí náà àwọ̀ ni mo ń wò: màá ki bébà kékeré kan bọ omi, bí àwọ̀ rẹ̀ bá bá ti ara ike tí bébà náà wà mu, omi dára nìyẹn. Lọ́jọ́ Jímọ̀, màá yọ asẹ́ rẹ̀, màá fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn irun ara ẹ̀gbọ́n mi kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, mímọ́ ni asẹ́ náà ń jáde. Mo ń fọ̀ ọ́ bákan náà.

Lọ́jọ́ tó kú, àwọn alfa pè mí kí n wá máa bu omi fún wọn bí wọ́n ti ń wẹ̀ ẹ́. Èmi nìkan ni àbúrò tó ní. Mo dé ẹnu ilẹ̀kùn, mo rí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ aṣọ, ni mo bá ní mo fẹ́ lọ pa ẹ̀rọ jakúsì. Èmi àgbààyà onírùngbọ̀n. Ẹ̀gbẹ́ ọpọ́n ni mo jókòó sí títí wọ́n fi gbé e jáde. N kò sunkún ọjọ́ náà, n kò sì sunkún lẹ́yìn rẹ̀. Jafẹ́lì bó mi lọ́wọ́, n kò mọ̀ ọ́n lára. Mo ṣáà rò pé omi tí mo ń tọ́jú á rọ́pò èyí tí n kò bù.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe opó nínú ilé, ó sì ń gbọ́ ariwo ẹ̀rọ náà lójoojúmọ́. Akọ̀wé ló ń pè mí láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e níyàwó wọlé wa, torí kì í pe orúkọ àbúrò ọkọ, ó sì mọ bí ìwé mi ti kéré tó. Lọ́jọ́ kọkànlélógójì, ó yọjú lójú fèrèsé.

“Akọ̀wé, ta lẹ ń mú omi gbóná dè?”

“Kó má baà bàjẹ́ ni, ìyàwó wa.”

“Ọpọ́n ni àbí ẹ̀yin?”

Asẹ́ wà lọ́wọ́ mi, omi ń kán sí mi lẹ́sẹ̀. Ó wá sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ọbẹ̀:

“Ẹ jẹ́ kó ṣàn lọ. Wọ́n wẹ ọkọ mi dáadáa, ó mọ́. Kò sẹ́ni tó béèrè ẹni tí kò bu omi.”