Ife Tó Dojú Dé Nínú Ọkọ̀ Ojú Sánmà

Òórùn aṣọ tí áyọ́ọ̀nù eléèédú ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá lórí rẹ̀ ni mo fi ń rántí àwọn ọ̀sán Sátidé wọ̀nyẹn. Ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ìyàwó mi ní Ore, níbi tí a ti ń gbọ́ fèrè ọkọ̀ láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, tẹlifíṣọ̀n kan wà lára ògiri lókè ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Bí aago mẹ́rin bá ti ń sún mọ́, yóò ká aṣọ oníbàárà sí ẹ̀gbẹ́ kan, yóò fi awò sójú, yóò sì mú ìwé ńlá kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ le jáde láti inú àpótí. Ìgbà yẹn ni mo máa ń mọ̀ pé títí di aago márùn-ún, mi ò ní ìyàwó.

Eré kan ni òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì ń wò, tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú sánmà kan tó ti fi ayé sílẹ̀ tipẹ́, tó ń wá ayé mìíràn tí ènìyàn lè gbé. Ọkùnrin tó ń wa ọkọ̀ náà kì í rẹ́rìn-ín. Ìyàwó rẹ̀ ni oníṣègùn wọn. Ní ìparí ọdún àkọ́kọ́ eré náà, obìnrin yìí jáde lọ tún nǹkan kan ṣe lẹ́yìn ọkọ̀, okùn tó so ó mọ́ ara ọkọ̀ já, ó sì fò lọ sínú òkùnkùn. Wọn kò rí òkú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn tó ń wo eré náà níbi gbogbo: ṣé ó kú ni, àbí kò kú?

Àwọn mẹ́ta ló ń wò ó ní ṣọ́ọ̀bù. Ìyàwó mi ni ẹnì kìíní. Ẹnì kejì ni ìyá kan tó ń kó epo pupa wá láti Aráròmí-Obu. Ọ̀kadà ló máa ń gùn wá, eruku ọ̀nà oko á sì ti pọ́n ọn lẹ́sẹ̀ dé orúnkún. Ẹnì kẹta ni bàbá kan tó fi gbogbo ìgbà èwe rẹ̀ wa ọkọ̀ gẹdú, kí ẹ̀yìn ríro tó lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Èmi á jókòó lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé ìròyìn, mo ń ṣe bí ẹni tí kò wò. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ni mí ní ilé-ìwé girama kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì gbà pé ojúṣe mi ni láti máa sọ fún wọn pé kò sí afẹ́fẹ́ lọ́hùn-ún, nítorí náà ọkọ̀ yẹn kò gbọdọ̀ máa pariwo bí ẹ̀rọ ìlọta.

"Tíṣà," ìyàwó mi á ní, "bí ẹ bá fẹ́ kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́, ẹ lọ bá wọn níbẹ̀."

Ìyá elépo ló kọ́kọ́ rí ife kan nínú eré náà. Kò gbọ́ òyìnbó dáadáa, nítorí náà, nígbà tí àwọn yòókù bá tẹjú mọ́ ẹnu àwọn tó ń sọ̀rọ̀, òun á máa wo inú ilé wọn bí ẹni tó fẹ́ gba yàrá níbẹ̀. Ó ní, "Ẹ wo ife yẹ́lò yẹn, ó tún dojú dé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, orí tábìlì ló wà. Lónìí, ó ti dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì." Èmi rẹ́rìn-ín. Mo ní àwọn tó ń tún ibi eré ṣe ló gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ife náà dojú dé nínú yàrá ẹ̀rọ. Ìyàwó mi kọ ọ́ sínú ìwé.

Mo ní láti ṣàlàyé ìwé náà. Ìyàwó mi ni akọ̀wé ìran ní ilé àdúrà wa. Bí ẹ̀mí bá gbé ẹnì kan, tó ń sọ ohun tó ń rí, iṣẹ́ akọ̀wé ni láti kọ ọ́ bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀, láìfi kún un, láìyọ kúrò nínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ túmọ̀ rẹ̀ títí aríran á fi dákẹ́. Lẹ́yìn náà, akọ̀wé á bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: aṣọ aláwọ̀ wo ni ẹni tí o rí wọ̀, ọwọ́ wo ló lò, apá ibo ló gbà wọlé? Ẹni tó rí ìran lóòótọ́ á dáhùn kíá. Ẹni tó ń ti inú ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ á máa wo òkè. Mo ti rí àgbà ọkùnrin tí òógùn bò níwájú ìbéèrè mẹ́ta yìí. Ìlànà yẹn gan-an ni ìyàwó mi gbé lọ bá eré náà.

"Obìnrin yẹn ò kú," bàbá onígẹdú á bẹ̀rẹ̀ kí orin ìparí tó dákẹ́. "Òun ló ń yọ́ wọlé wá dojú ife dé, kí ọkọ rẹ̀ lè mọ̀."

"Bàbá, a ò tíì dé orí ìtumọ̀," ìyàwó mi á ní. "Kí lẹ rí?"

"Mo rí ife."

"Àwọ̀ wo?"

"Ṣé ẹ ò mọ̀ pé yẹ́lò ni? Ẹ fẹ́ sọ mí di ọ̀daràn lọ́sàn-án gangan!"

Ìyá elépo á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. "Gẹdú lẹ mọ̀ ọ́n gbé. Ẹ jẹ́ ká gbé eléyìí."

Wọ́n tún ní ẹgbẹ́ kan lórí fóònù, pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ láti Ìbàdàn àti àwọn tó wà lókè òkun. Ẹnì kan ń ka bọ́tìnnì ara aṣọ awakọ̀, ẹlòmíràn ń wá ìtumọ̀ sí nọ́mbà ara ilẹ̀kùn. Àwọn àgbà ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dé inú rẹ̀, a di odindi. Ìyàwó mi gbà pé ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni ife náà. Ó ní ife obìnrin náà ni tẹ́lẹ̀, pé obìnrin náà fúnra rẹ̀ ló sì ń gbé e kiri.

Ẹyọ àṣìṣe kan tí ìwé náà fà, èmi ni mo ṣe é. Ìwé méjì ni ìyàwó mi ní, ọ̀kan fún ìran ilé àdúrà, ọ̀kan fún eré, àwọn méjèèjì sì jọ ara wọn bí ìbejì. Ní ọjọ́ Sunday kan tí ẹ̀yìn ń dùn ún, ó fi ìwé ìran rán mi. Èyí tí ọwọ́ mi bà ni mo mú lọ. Wòlíì wa ṣí i níwájú ìjọ, ó sì kà á pé: "Obìnrin kan wọ aṣọ fàdákà láti orí dé ẹsẹ̀. Okùn wà ní ìbàdí rẹ̀. Okùn náà já, ó ń lọ sókè, ẹnikẹ́ni kò rí i mọ́." Ìjọ figbe ta. A kéde ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta fún ọmọbìnrin tí okùn rẹ̀ fẹ́ já.

Ìrọ̀lẹ́ Monday ni ìyàwó mi tó rí i pé ìwé ti pààrọ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fi í sílẹ̀, mo ní ààwẹ̀ kì í pa ènìyàn lára. Ó wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Ó wé gèlè, ó lọ bá wòlíì, nígbà tó sì di Sunday, ó dúró níwájú gbogbo ìjọ, ó jẹ́wọ́. Ni bàbá arúgbó kan bá béèrè láti ẹ̀yìn pé, "Obìnrin náà ńkọ́? Ṣé ó ti padà?" Ó dáhùn pé, "A ò tíì mọ̀, sà. A ṣì ń wò ó." Ẹ̀rín tí ìjọ rín lọ́jọ́ náà ju halelúyà lọ.

Nígbà tí eré náà wọ ọdún kẹta, ẹ̀yìn tó ń dun ìyàwó mi ti ní orúkọ lẹ́nu àwọn dókítà. A gbé e lọ sí ọsìbítù kan tó jìnnà sí Ore. Dókítà pè mí sí ìta, ó ní kò sí iṣẹ́ abẹ tó lè ràn án lọ́wọ́ mọ́, pé kí n gbé e lọ sílé, ó ṣeé ṣe kó lò tó oṣù kan sí i láyé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin sọ fún mi lórí fóònù pé n kò gbọdọ̀ jẹ́ kó mọ̀. Mo wọlé padà, mo ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló lọ sílẹ̀, pé oògùn á ṣiṣẹ́.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni eré náà máa parí. Ó ní, "Tíṣà, ẹ bá mi lọ wò ó. Ohun tí ẹ bá rí ni kí ẹ kọ." Mo lọ jókòó sórí àga rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, mo sì kọ ohun tí mo rí. Nígbà tó parí, mo bẹ àwọn méjèèjì pé kí wọ́n má pè é, kí èmi fúnra mi sọ fún un. Ìyá elépo di ọwọ́ mi mú. "Tíṣà, ẹ má purọ́ fún un o. Ẹ mọ̀ pé á bi yín ní àwọ̀."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo padà sí ọsìbítù, mo ṣí ìwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ohun tí mo kọ wà níwájú mi, ohun mìíràn ni ẹnu mi ń kà. Mo ní wọ́n bá obìnrin náà láàyè nínú àjà ọkọ̀, pé òun ló ń dojú ife dé, pé ọkọ rẹ̀ dì mọ́ ọn. Ìyàwó mi di ojú, ó ń gbọ́.

"Aṣọ aláwọ̀ wo ló wọ̀, Tíṣà?"

"Ó... funfun."

"Ọwọ́ wo ló fi kọ́kọ́ kan ọkọ rẹ̀?"

Mo wo òkè.

"Ẹ ka èyí tí ẹ kọ," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́.

Mo kà á. Ọkọ náà ló ń dojú ife dé. Ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ọkọ̀ ló fi í hàn: ní àràárọ̀, kí ojú rẹ̀ tó là tán, yóò dìde, yóò fọ ife ìyàwó rẹ̀, yóò sì dojú rẹ̀ dé síbi tí obìnrin náà ti máa ń ṣiṣẹ́. Obìnrin náà ti kú láti ọjọ́ tí okùn ti já. Nígbà tí wọ́n bi ọkùnrin náà, ó ní, "Mo mọ̀ pé ó kú. Ọwọ́ mi ni kò mọ̀."

Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó dùn ún lẹ́yìn. "Ọkọ ni! Ọdún mélòó la fi ń wá ìyàwó kiri!" Ó pa ìwé náà dé lọ́wọ́ mi. "Dókítà ńkọ́? Ẹ sọ tiẹ̀ náà fún mi bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀."

Mo sọ ọ́. N kò fi kún un, n kò yọ kúrò. Ó béèrè bóyá dókítà jókòó nígbà tó ń sọ ọ́. Mo ní ó dúró. Ó mi orí bí akọ̀wé tó gba ẹ̀rí. "Ó dáa. Ẹ gbé mi lọ sílé."

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló lò. Ó dá aṣọ tí kò tíì gé padà fún àwọn tó ni ín. Ó pe ọmọbìnrin kan nínú ìjọ, ó kọ́ ọ ní iṣẹ́ akọ̀wé. Ó sọ fún mi pé Omífunfun ni kí n sin òun sí, nínú oko kòkó bàbá òun, kì í ṣe ní Ore níbi tí ariwo ọkọ̀ kò ní jẹ́ kí òun sùn. Ìyá elépo wá, ó bínú pé wọn kò tètè sọ fún òun, àwọn méjèèjì sunkún sókè, wọ́n sì jọ jẹ òkèlè púpurú. Nígbà tó bá rẹ̀ ẹ́, èmi á jókòó tì í, a ó máa sọ ọ̀rọ̀ ìgbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ara wa, àti ti àwọn ìjà tí a kò parí. A parí méjì nínú wọn. Ó ní kí n jẹ́ kí ìyókù ṣẹ́ kù.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò tíì dárí jì mí. Títí di òní, ó gbà pé ọ̀rọ̀ tí mo sọ ló mú kí ikú àbúrò òun yá, mi ò sì bá a jiyàn, nítorí òun náà ń ṣọ̀fọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilé bá dákẹ́, mo máa ń ro ọ̀sẹ̀ márùn-ún yẹn bí ì bá ṣe rí ká ní mo gbọ́ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. À bá jọ jókòó bẹ́ẹ̀ náà, à bá jọ rẹ́rìn-ín, ó sì ṣeé ṣe kí ọkàn rẹ̀ fúyẹ́ ju bó ṣe rí lọ. Èmi nìkan ni ì bá sì máa dágbére.