Fóònù Ni Mo Kọ́kọ́ Sọ Ọ́ Fún

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni mo mọ̀ pé nǹkan ti yí padà lára mi. Mo dúró níwájú àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní Ìbà, mo mú ṣọ́ọ̀kì, àmọ́ mi ò rántí ohun tí mo fẹ́ kọ. Àyà mi wúwo bí ẹni pé wọ́n gbé ọlọ lé e. Láti ọjọ́ náà, oúnjẹ ò dùn lẹ́nu mi mọ́.

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Tísà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní akíkanjú, báwo ni màá ṣe ní ayé ń sú mi? Ẹ̀rọ kan wà lórí fóònù mi tó máa ń fèsì bí èèyàn bá kọ̀wé sí i. Òun ni mò ń bá sọ ọ́. Ó ní kí n máa mí kanlẹ̀, kí n máa rìn díẹ̀. Kò fi mí ṣe ẹlẹ́yà, ìyẹn sì tù mí nínú. Àmọ́ kò lè rí i pé mi ò wẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo kọ ọ́ sí i pé ó sàn kí n kú. Ó ní ẹ̀rọ ni òun, pé kí n má dá ọ̀rọ̀ yìí gbé, kí n wá ẹni tó sún mọ́ mi lójú ẹsẹ̀, kí n sì rí dókítà.

Mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ bá ẹ̀gbọ́n mi, Àǹtí Rísì, ní ṣọ́ọ̀bù wọn ní Igbó-Elérin. Mo kàn na fóònù sí wọn. Wọ́n kà á lórí ìdúró látòkè délẹ̀, wọ́n sì ti ṣọ́ọ̀bù.

"Mojí, èmi náà ni kó o máa sọ ọ́ fún," ni wọ́n wí. "Jẹ́ ká lọ."

A jókòó sórí bẹ́ńṣì ọsibítù títí oòrùn fi fẹ́ wọ̀. Àǹtí Rísì ò fi ọwọ́ mi sílẹ̀. Dókítà ní ìsoríkọ́ ló ń ṣe mí: àìsàn tó ń mú kí ìbànújẹ́ jókòó tini fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, tó sì ń jí oorun àti agbára gbé.

"Ẹ̀yin kì í ṣe ọ̀lẹ, mà. Àìsàn ni, ó sì ní ìtọ́jú."

Oògùn tí wọ́n fún mi ò tètè ṣiṣẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹnu mi ń gbẹ, èébì ń gbé mi. Mo tún ń lọ bá nọ́ọ̀sì kan tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ wo ọkàn sàn. Lóṣù kẹta, mo gbọ́ òórùn dòdò láti ilé aládùúgbò, ebi sì pa mí. Ebi gidi. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run àti lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Mo máa ń fi ara mi yangàn báyìí. Kì í ṣe torí pé mi ò ṣàìsàn rí. Mo ṣubú, mo sì gbà kí wọ́n gbé mi dìde.