Ìbíwùmí Wà ní Kòríà

Bí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù Ìbíwùmí ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì lọ́sàn-án, tí ẹ kí i títí tí kò dáhùn, ẹ má bínú sí i. Kì í ṣe ìgbéraga, etí rẹ̀ kò sì di. Ó wà ní Kòríà ni. Ohun tí ọkọ rẹ̀, Ọládiípọ̀, máa ń sọ fún àwọn oníbàárà nìyẹn: "Ẹ jókòó ná, ìyàwó mi ti lọ sí Kòríà, ó máa tó dé." Àwọn tó mọ̀ ọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á fa àga. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n á wo obìnrin tó jókòó níwájú kọ̀ǹpútà, wọ́n á tún wo ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀, wọ́n á sì máa rò ó bóyá kí àwọn kúkú gbé aṣọ àwọn lọ síbòmíràn.

Iṣẹ́ Ìbíwùmí ni kí ó máa fi ẹ̀rọ àti òwú kọ orúkọ sára aṣọ: aṣọ akọrin, yúnifọ́ọ̀mù ọmọléèwé, ṣáàṣì tí àwọn ìyá ìjọ ń gbé kọ́ èjìká. Èkó ló ti kọ́ ọ. Èkó náà ló ti ra ẹ̀rọ rẹ̀ ní tòkunbọ̀, nígbà tí òun àti ọkọ rẹ̀ ń palẹ̀ mọ́ láti padà wálé. Àwọn ará Kòríà ló ṣe ẹ̀rọ náà, ó sì lágbára bí ẹṣin. Àléébù kan ṣoṣo tó ní ni pé ètò tí wọ́n fi ń ya lẹ́tà fún un kì í bá kọ̀ǹpútà tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ṣe nǹkan pọ̀ rárá. Àfi kí kọ̀ǹpútà yẹn máa sọ èdè Kòríà láti òkè délẹ̀. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n gbé tẹ̀lé e láti Èkó sì ti jóná, nítorí iná tó lọ tó tún dé pẹ̀lú ìbínú.

Adésọjí tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lẹ́bàá Ọjà Ọba ló kó ọgbọ́n sí i. Ó fi kọ̀ǹpútà kan sínú kọ̀ǹpútà tuntun tí Ìbíwùmí rà. Kì í ṣe pé ó ki irin bọ irin nínú o. Ó kàn ní kí kọ̀ǹpútà ya àyè sọ́tọ̀ nínú ara rẹ̀, kí kọ̀ǹpútà mìíràn tí kò ṣeé fọwọ́ kàn máa gbé ibẹ̀, kí ó sì máa sọ èdè tirẹ̀ lọ bí àlejò tó gba yàrá kan nínú ilé. Bí Ìbíwùmí bá tẹ àmì kan, fèrèsé kan á ṣí, gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ á di Kòríà. Bí ó bá pa á dé, ó ti padà sí Ìkẹ́rẹ́ nìyẹn, kò san owó ọkọ̀.

Ẹ má rò pé ó gbọ́ èdè wọn. Kò gbọ́ ọ rárá. Ńṣe ló sọ àwọn ọ̀rọ̀ tó ń rí níbẹ̀ lórúkọ. Ọ̀kan wà tí òbírí inú rẹ̀ dé fìlà, ó pe ìyẹn ní Bàbá Onífìlà. Bí Bàbá Onífìlà bá yọjú, kí èèyàn gbà fún un ni, iṣẹ́ á tẹ̀ síwájú. Òmíràn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun tó jọ òrùlé. Ìyẹn ló ń pa iṣẹ́ rẹ́, bí Òrùlé bá sì ti yọjú, Ìbíwùmí á ká ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí bọ́tìnnì bí ẹni rí ejò. Báyìí ló ṣe ń gbé láàárín wọn, kò sì sí wàhálà, nítorí orúkọ láìlámì ni àwọn oníbàárà ń fẹ́, títí di ọjọ́ tí Màmá Jọkẹ́ gbé ṣáàṣì tirẹ̀ dé.

Màmá Jọkẹ́, orúkọ òun fúnra rẹ̀ ni Jọkẹ́, òun ló kọ́ Ìbíwùmí ní Yorùbá nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àmì kékeré tó máa ń wà lábẹ́ lẹ́tà, ẹsẹ̀ ni Màmá ń pè é. "Fún un lẹ́sẹ̀ kó lè rìn!" ni yóò máa pariwo, pàṣán á sì máa tẹ̀ lé ariwo náà. Ó ti fẹ̀yìn tì tipẹ́, ṣùgbọ́n títí di òní, bí ó bá rí pátákó tí wọn kò fún lẹ́sẹ̀, inú rẹ̀ kò ní dùn mọ́ lọ́jọ́ náà. Wọ́n fẹ́ fi í jẹ ìyá ìjọ lọ́jọ́ Àìkú.

"Ìbíwùmí, Jọkẹ́ nìkan ni kí o kọ. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì gbọ́dọ̀ pé."

"Ẹ̀yin náà, Màmá. Ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ́ mi."

Màmá kò dìde. Ó ní Glory ń bọ̀ wálé. Glory ni ọmọ tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin bí sí ìlú òyìnbó, ó ti dàgbà, kò sì tíì fojú kan Èkìtì rí. "Ǹjẹ́ o mọ ohun tó bi mí lórí fóònù? Ó ní, 'Gíráńmà, kí ló dé tí àwọn òbí yín fi sọ yín ní Ẹ̀fẹ̀?'"

Ọládiípọ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó wo ojú Màmá, ó gbé e mì. Nínú gbogbo ìwé tí ìjọba fún Màmá láyé yìí, JOKE ni wọ́n kọ, kò lẹ́sẹ̀, kò lámì. Ẹni tó bá sì fi Gẹ̀ẹ́sì kà á, ẹ̀fẹ̀ náà ló kà.

"Ọmọ náà ò gbọdọ̀ dé ulé kó tún padà láìmọ orúkọ mi," ni Màmá wí. "Mi ò mọ̀ bóyá á tún bá mi láyé nígbà mìíràn." Omi lé ròrò sí i lójú, kò sì nù ún.

Ìbíwùmí gba Kòríà lọ. Ó kọ Jọkẹ́ sí apá Ìkẹ́rẹ́, ẹsẹ̀ pé, àmì ohùn pé. Ó gbé e kọjá sínú fèrèsé. Àfi bí ẹni pé àwọn aṣọ́bodè dúró sẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ń gba ẹrù lọ́wọ́ èèyàn! Gbogbo lẹ́tà tó lẹ́sẹ̀ ni wọ́n gbà, wọ́n fi àmì ìbéèrè rọ́pò. Ó ní bóyá ojú lásán ni, ó tẹ ẹ̀rọ lórí àkísà kan. Ẹ̀rọ kọ ọ́ jáde gbàgàdà: J?k?.

Màmá gbé awò ojú wọ̀. "Kí rè é? Ùbéèrè? Ta ni wọ́n ń bi léèrè?"

"Físà ni wọ́n ń bi yín, Màmá," Ọládiípọ̀ wí. Ìyàwó rẹ̀ wò ó, Ọládiípọ̀ fúnra rẹ̀ sì jáde lọ síta.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Adésọjí. Ó ní kò le, kí wọ́n jẹ́ kí àlejò inú yàrá náà máa sọ Gẹ̀ẹ́sì. Ó yí i padà. Ètò tó ń ya lẹ́tà kọ̀, kò ṣí mọ́, ó kàn ń fi èdè Kòríà kọ ẹjọ́ gígùn síwájú wọn. Adésọjí yí i padà sí bó ṣe wà, ó nu ojú, ó kọjú sí Ìbíwùmí. "Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká kọ JOKE. Gbogbo ayé ló ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

"Ìdí tí mi ò fi ní kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nìyẹn," Ìbíwùmí dáhùn.

Ọkọ rẹ̀ ní kó fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ rán ẹsẹ̀ náà sí i. Ṣùgbọ́n ṣáàṣì àwọn ìyá yòókù ti jáde lára ẹ̀rọ, ó ń dán. Bí ti Màmá bá lọ ní ẹsẹ̀ tí wọ́n fọwọ́ lẹ̀ mọ́ ọn, Màmá á mọ̀, kò sì ní sọ nǹkan kan. Èyí tó dun Ìbíwùmí jù nìyẹn. Ìyá tó fi gbogbo ayé rẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ ní ẹsẹ̀, òun ni kò wá ní rí ẹsẹ̀ fún orúkọ ara rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì dé, ó tún jókòó, kò kọ nǹkan kan. Ó kàn ń wo ọ̀rọ̀ Kòríà tí ó máa ń tẹ̀ láti fi iṣẹ́ pamọ́. Ó ti tẹ̀ ẹ́ láìmọye ìgbà, kò wo ìdí rẹ̀ rí. Òbírí kékeré kan wà lábẹ́ lẹ́tà náà, ó jókòó jẹ́ẹ́. Ó wo òmíràn, òbírí tún wà lábẹ́ tìyẹn.

"Ẹ̀yin olè yìí!" ó figbe ta. Ọládiípọ̀ sáré wọlé. "Àwọn náà ń fi nǹkan sábẹ́ lẹ́tà! Wọ́n wá ń gba tiwa!"

Ó tẹ bọ́tìnnì lọ bẹẹrẹ títí ó fi rí èyí tó ń mú òbírí náà jáde ní òun nìkan. Ó sún un kì, ó sún un kì, títí ihò àárín rẹ̀ fi dí tó sì di tóótóó. Ó fà á sábẹ́ lẹ́tà o, ó fa èkejì sábẹ́ lẹ́tà e. Ó rí ọ̀pá tín-ín-rín kan lára lẹ́tà wọn, ó tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó gbé e lé lẹ́tà e lórí láti fi ṣe àmì ohùn. Bàbá Onífìlà yọjú, ó béèrè nǹkan kan tí kò yé Ìbíwùmí, Ìbíwùmí gbà fún un. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í rán. Jọkẹ́ ló jáde, ẹsẹ̀ pé méjèèjì, òwú aláwọ̀ wúrà ni ẹ̀rọ fi rán an. Inú Ìbíwùmí dùn débi pé ó jó díẹ̀ níbẹ̀, ọkọ rẹ̀ náà sì bá a jó, kò dápàárá kankan.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, Glory dúró síwájú ìyá rẹ̀ àgbà níta ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ga, ojú Màmá ló sì gbé wá. Ó fi ìka kan àmì kékeré orí ṣáàṣì náà, ó béèrè ohun tí ó jẹ́ pẹ̀lú Yorùbá tó fi fóònù kọ́.

"Ẹsẹ̀ ni," Màmá dá a lóhùn.

Glory yíjú sí Ìbíwùmí tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó ní kó kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ náà. Ìbíwùmí ní kó la ẹnu dáadáa. Jọ. Ó gbìyànjú. Kẹ́. Ó gbé ohùn sókè. Ó pa á pọ̀, ó kù díẹ̀ káàtó, ó tún un pè, ó sì bọ́ sí i. Màmá di ọ̀pá rẹ̀ mú, ó sún mọ́ ọn.

"Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?" Glory béèrè.

"Gbogbo wọn jọ kẹ́ ẹ ni," Ìbíwùmí wí. "Ẹnì kan ò dá a kẹ́."

Glory rò ó wò. "Gíráńmà, ta ni wọ́n? Àwọn tó jọ kẹ́ yín?"

Màmá ń fi ìka kà wọ́n. "Bàbá mi. Ìyá mi. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Lẹ́yìn náà ọkọ mi." Ó mú ọwọ́ ọmọ náà, ó gbé e lé orúkọ tó wà láyà rẹ̀. "Wọ́n ti lọ tán. Ó ku ìwọ."